Ṣé èèpo edé àti koríko òkun lè fa òjé jáde kúrò nínú omi bátìrì?

Oníbátìrì Adó:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Iṣẹ́ bátìrì ọkọ̀ ni mo ń ṣe ní Adó-Èkìtì, ọdún 19 sì rèé tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Bátìrì tí ó bá ti kú ni a máa ń tú. A ó da omi inú rẹ̀ nù, a ó fi omi ṣan àwọn àwo òjé rẹ̀, a ó pààrọ̀ èyí tí ó bá ti jẹ, a ó sì rọ ásíìdì tuntun sí i kí a tó gbé e sórí iná. Inú góta iwájú ṣọ́ọ̀bù ni omi ìṣàn náà máa ń gbà lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá mi ṣe é, bẹ́ẹ̀ náà ni èmi bá a lọ. Góta yìí já sí odò kékeré kan ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, níbi tí àwọn kan ti máa ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ní oṣù tó kọjá, ìyá kan tí kànga rẹ̀ kò tó ogún ìṣísẹ̀ sí góta náà wá bá mi, ó ní omi òun ti ń kan lẹ́nu. Kò bá mi jà. Ó kàn gbé ife omi náà síwájú mi, ó ní kí n mu ún. N kò lè mu ún.

Ọmọ mi obìnrin, tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì ní yunifásítì, sọ fún mi pé àwọn onímọ̀ máa ń lo àwọn ohun ẹlẹ́mìí inú òkun, bíi koríko òkun, ìkarahun akàn àti èèpo edé, láti fa òjé, bàbà àti àwọn mẹ́tàlì olóró mìíràn jáde kúrò nínú omi ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lọ́kàn, ṣùgbọ́n ó pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí pé òkè àti àpáta ni àwa ará Èkìtì mọ̀. Edé tí à ń jẹ gan-an, láti Ìgbókọ̀dà ní ilẹ̀ Ìlàjẹ ni wọ́n ti ń kó púpọ̀ nínú rẹ̀ wá. Síbẹ̀, àwọn elédé tí ó wà ní Ọjà Ọba máa ń fẹ́ ìyàngbò edé dànù, ìyẹn orí, ẹsẹ̀ àti èèpo, wọn kò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ kó o. Ṣé òótọ́ ni ohun tí ọmọ yìí sọ? Bí ó bá jẹ́ òótọ́, ṣé ìyàngbò yìí tó iṣẹ́ náà ṣe, àbí mo ní láti gbẹ́ adágún kí n máa sin akàn nínú rẹ̀?

Olùkọ́ Kẹ́mísìrì, Ìkẹ́rẹ́:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì ṣeun tí ẹ kò fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Òótọ́ ni ọmọ yín sọ, àmọ́ ó ku ìdajì tí kò tíì sọ.

Ẹ má gbẹ́ adágún kankan. Omi bátìrì yóò ti pa akàn náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Èyí tí ó ti kú tí ó sì ti gbẹ ni ó wúlò jù fún irú iṣẹ́ yìí, nítorí pé òkú kì í jẹun, májèlé kò sì lè tún un pa. Ara rẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ẹ̀mí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí koríko òkun. Àwọn tí àwọ̀ wọn jọ ti ewé gbígbẹ, irú Sargassum àti Laminaria, ní ohun kan nínú ara wọn tí ó ń yọ̀ bí ewédú, tí à ń pè ní algínéètì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1880 ni onímọ̀ kan tí ń jẹ́ E. C. C. Stanford yọ ọ́ jáde ní ilẹ̀ Scotland. Ẹ fojú inú wo kírétì ẹyin. Okùn algínéètì méjì yóò fara kọ́ra, kòtò kòtò yóò wà láàárín wọn, kálísíọ̀mù yóò sì jókòó sínú kòtò kọ̀ọ̀kan bí ẹyin. Bí omi tí ó ní òjé bá gba ibẹ̀ kọjá, òjé yóò lé kálísíọ̀mù dìde, yóò sì gba ipò rẹ̀, nítorí pé algínéètì máa ń di òjé mú ju bí ó ti ń di kálísíọ̀mù mú lọ fíìfíì. Bàbà ni ó tẹ̀ lé òjé, kádíọ́mù, tí òun náà jẹ́ mẹ́tàlì olóró, sì tẹ̀ lé bàbà. Nínú yàrá ìwádìí, gíráàmù kan koríko òkun gbígbẹ ti gba òjé tí ó ju 200 mìlígíráàmù lọ. Bohumil Volesky, tí ó lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí iṣẹ́ yìí ní Yunifásítì McGill ní Kánádà, wà lára àwọn tí ó fi ẹsẹ̀ ìmọ̀ náà múlẹ̀.

Ti edé àti akàn yàtọ̀. Ohun mẹ́ta ni ó pọ̀ jù nínú ìkarahun wọn: kálísíọ̀mù kábọ́néètì, tí ó tún jẹ́ ohun tí ìkarahun ìgbín inú igbó wa fi le, púrótéènì, àti kítínì. Inú olú ni Henri Braconnot, ará Faransé, ti kọ́kọ́ rí kítínì yìí ní 1811, kì í ṣe inú ohun òkun rárá, ó sì máa ń ya àwọn ọmọ kíláàsì mi lẹ́nu. Bí a bá yọ kábọ́néètì àti púrótéènì kúrò, tí a sì se kítínì tí ó kù nínú kọ́sítíìkì sódà líle, tí ó tó ìdá 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún, yóò di kítósáànì, èyí tí ó mọ bàbà àti mẹ́kúrì dì mú gan-an. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán ìyẹn wò ní ṣọ́ọ̀bù. Kọ́sítíìkì tí ó le tó bẹ́ẹ̀ tí ó tún ń hó yóò bó ara ènìyàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti le gan-an nìyí: omi yín ti kan jù. Òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí omi ṣe kan tó ni pH: bí ó bá ṣe kéré sí ni omi ṣe ń kan sí, 7 ni ti omi tí kò kan tí kò sì korò, èyí tí ó bá sì ju 7 lọ ni à ń sọ pé ó korò. Láàárín 4 sí 6 ni koríko òkun ti ń gba òjé dáadáa, omi ìṣàn bátìrì sì lè wà ní 1 tàbí kí ó tún lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú irú omi bẹ́ẹ̀, ásíìdì ti jókòó sórí gbogbo àga kí òjé tó dé. Ti èèpo edé tún burú jù, nítorí pé ásíìdì yóò kàn jẹ ẹ́ tán ni.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Lítà kan ásíìdì bátìrì tí òṣùwọ̀n ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 1.28 ní nǹkan bí 470 gíráàmù ásíìdì gidi nínú. Kábọ́néètì tí yóò pa á tó nǹkan bí 480 gíráàmù. Bí kábọ́néètì bá jẹ́ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún èèpo edé, 1,200 gíráàmù èèpo ni ẹ ó dà sí lítà kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ bátìrì ọkọ̀ kan lè gba lítà mẹ́ta sí márùn-ún. Láìmù, ìyẹ̀fun funfun tí àwọn abánikọ́lé ń lò, kì í ṣe ti èso, nǹkan bí 360 gíráàmù ni yóò ṣe iṣẹ́ kan náà. Nítorí náà, láìmù ni kí ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn tí omi bá ti rọlẹ̀ ni ohun òkun yóò tó wá, láti gba òjé kékeré tí láìmù bá ṣẹ́kù.

Jẹẹrétọ̀ Ìkọ́lé:

Ohun tí Olùkọ́ sọ yìí, ojú mi ti rí i. Ẹnu iṣẹ́ bátìrì ni èmi náà wà, èmi náà sì ti gbọ́ ìròyìn ìkarahun yìí ní bí ọdún méjì sẹ́yìn. Mo gba ìdajì àpò ìyàngbò edé, mo dà á sínú dúrọ́ọ̀mù kan, mo sì da omi bátìrì lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Kí n tó gbé kéègì sílẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ọṣẹ. Ó ru kọjá ẹnu dúrọ́ọ̀mù, ó ṣàn sí mi lẹ́sẹ̀, ihò mẹ́ta sì lu sí ṣòkòtò mi kí alẹ́ tó lẹ́. Òórùn rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ.

Nígbà tí ìhó náà rọlẹ̀, mo rí ohun funfun kan tí ó ki bí ògì ní ìsàlẹ̀, àwọn èèpo tí ó kù sì ti wọ ẹ̀wù funfun, a fi bí ẹni pé wọ́n fi ẹ̀kọ rẹ́ wọn. Omi tí ó wà lókè mọ́ lójú kedere. Inú mi dùn, mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnì kan bá mi ki bébà pH bọ̀ ọ́, pupa ló pọ́n, ìyẹn ni pé omi náà ṣì kan, àyẹ̀wò tí a sì ṣe lẹ́yìn náà fi hàn pé òjé ṣì wà nínú rẹ̀. N kò ní parọ́, ó dùn mí. Ẹ má fi ojú wo omi kí ẹ sọ pé ó mọ́.

Ìyá Aláró:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Èmi kò mọ kẹ́mísìrì, ṣùgbọ́n mo mọ omi eérú. Láti kékeré ni mo ti ń bá ìyá mi sẹ́ ẹ fún aró. Ìkòkò tí a lu nídìí ni a máa ń kó eérú sí, a ó gbé e lé orí ìkòkò mìíràn, a ó bu omi sí i, ohun tí ó bá sì kán sísàlẹ̀ yóò máa yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ. Àwọn tí ń se ọṣẹ dúdú náà mọ̀ ọ́n. Ahọ́n ni àwọn àgbà fi máa ń mọ̀ bóyá ó ti mú tó. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi ahọ́n tọ́ omi bátìrì wò o. Ìbéèrè mi ni pé, níwọ̀n ìgbà tí eérú kò wọ́n ní Èkìtì, tí ó sì lè pa kíkan, ṣé kò lè dípò láìmù tí Olùkọ́ ń wí?

Olùkọ́ Kẹ́mísìrì, Ìkẹ́rẹ́:

Ìyá, ẹ ṣeun. Omi eérú lè pa ásíìdì lóòótọ́, nítorí pé pòtásíọ̀mù kábọ́néètì ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àmọ́ agbára omi eérú òní kò bá ti àná dọ́gba, ó wà lọ́wọ́ irú igi tí a sun. Ohun kejì ni pé láìmù máa ń gbá sọ́féètì, ìyẹn apá kan lára ásíìdì inú omi bátìrì, jọ, yóò sì sọ ọ́ di jípúsọ́ọ̀mù, ohun funfun tí Jẹẹrétọ̀ Ìkọ́lé rí yẹn. Yóò sùn sí ìsàlẹ̀, òjé púpọ̀ yóò sì bá a sùn. Eérú kò lè ṣe èyí.

Bí mo ṣe máa ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù yín, Ẹ̀gbọ́n, nìyí. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti ìbòjú. Ẹ po láìmù mọ́ omi kí ó dà bí ẹ̀kọ mímu, kí ẹ sì máa bù ú díẹ̀díẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù ike tí omi ìṣàn wà nínú rẹ̀, kí ẹ máa rò ó pẹ̀lú igi, nítorí pé yóò gbóná. Ẹ máa fi bébà pH yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì dúró nígbà tí ó bá wà láàárín 8 sí 9. Ẹ má wí pé kí ẹ fi ọ̀pọ̀ láìmù sí i kí ó lè dára sí i. Òjé jẹ́ ohun kan tí kò gba àṣejù: bí omi bá korò kọjá bíi 11, òjé tí ó ti sùn yóò tún yòrò padà sínú omi. Ẹ jẹ́ kí ó sùn mọ́jú. Ní àárọ̀, ẹ rọra gbọ́n omi òkè, ẹ má ru ìsàlẹ̀.

Omi òkè yìí ni ó wá kan ìkarahun. Ẹ wá kéègì tí a ti gé ìdí rẹ̀, kí ẹ sì dojú rẹ̀ kodò. Ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn tí a fọ̀ sí ọ̀nà ẹnu rẹ̀, kí ẹ wá kó ìkarahun akàn tàbí èèpo edé tí ẹ ti fọ̀, tí ẹ ti sá gbẹ, tí ẹ sì ti gún lé orí wọn. Kí omi máa kán gba inú rẹ̀ kọjá ni, kì í ṣe kí ó máa ṣàn. Bí mo bá ní láti yàn, akàn ni n ó mú, nítorí pé ìkarahun rẹ̀ le, ó sì ní kábọ́néètì ju ti edé lọ. Òjé tí ó bá kan kábọ́néètì yìí yóò di òjé kábọ́néètì, èyí tí kì í fẹ́ yòrò, yóò sì lẹ̀ mọ́ ìkarahun náà. Bí ó bá jẹ́ koríko òkun ni ẹ rí, ẹ kọ́kọ́ dá omi náà padà sí bíi 5 tàbí 6, nítorí pé algínéètì máa ń rọ̀ jáde bí omi bá korò jù.

Omi tí ó bá jáde níbẹ̀ kì í ṣe omi mímu o. Nínú omi mímu, 0.01 mìlígíráàmù òjé nínú lítà kan ni òdiwọ̀n Àjọ Ìlera Àgbáyé, òun náà ni ti orílẹ̀-èdè wa. Yàrá àyẹ̀wò nìkan ni ó lè ka iye tí ó kékeré tó bẹ́ẹ̀. Ní ti kànga ìyá yẹn, kí ó má mu omi rẹ̀ mọ́, kí ó má sì fi sè nǹkan títí wọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un pé kí ó sè é. Sísè kì í lé òjé. Omi ni yóò dínkù, òjé yóò sì kù síbẹ̀.

Ọmọ Ìlàjẹ ní Adó:

Mo kí yín. Koríko òkun tí Olùkọ́ dárúkọ yìí, ìyọnu ńlá ni ó jẹ́ ní etíkun. Láti 2011 ni Sargassum ti ń ya wá sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní àwọn ọdún kan, ó ń di òkìtì, ó ń jẹrà, ó ń kọ́ àwọ̀n ẹja. Kò sí ẹni tí yóò bá ẹni tí ó fẹ́ kó o jà. Tí Oníbátìrì bá fẹ́, mo lè bá àwọn tí ń kó ẹja wá sí Adó sọ̀rọ̀ kí wọ́n bá wa gbé àpò kan tàbí méjì bọ̀. Àmọ́, ẹ fọ iyọ̀ àti yanrìn ara rẹ̀ dáadáa, ẹ má sì fún ewúrẹ́ jẹ, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ máa ń kó ásẹ́níìkì jọ láti inú òkun.

Oníbátìrì Adó:

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ ṣeun. Ohun kan ṣì kù. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń sin adìyẹ eléyin gbọ́ pé mo ń kó ìkarahun jọ. Ó ní tí mo bá ti lò ó tán kí n jẹ́ kí òun wá kó o, nítorí pé ó ti pẹ́ tí òun ti ń ra ìkarahun láti fi pò mọ́ oúnjẹ adìyẹ kí èèpo ẹyin lè le. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà fún un.

Olùkọ́ Kẹ́mísìrì, Ìkẹ́rẹ́:

Ẹ̀gbọ́n, rárá o! Ẹ pè é lónìí, kí ẹ sọ fún un.

Ìkarahun yẹn kò pa òjé. Ó gbà á mọ́ra ni. Òjé tí ó wà nínú 200 lítà omi tẹ́lẹ̀ ti wá wà nínú kílò ìkarahun díẹ̀, ó sì ti le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí adìyẹ bá jẹ ẹ́, yóò bọ́ sínú egungun àti ẹyin rẹ̀, ọmọ ènìyàn ni yóò sì jẹ ẹyin náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí iye òjé kan tí a mọ̀ tí kò lè pa ọmọdé lára. Ẹ rántí Zamfara ní 2010: inú àgbàlá ni wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà tí òjé wà nínú rẹ̀, àwọn ọmọdé tí ó lé ní 400 sì kú. Eruku lásán ni ẹni tí ó bá ń wò ó yóò pè é.

Koríko òkun ṣeé fi ásíìdì fẹ́ẹ́rẹ́ fọ̀, òjé yóò jáde sínú omi kékeré, a ó sì tún lò ó. Ìkarahun kò ṣeé fọ̀ bẹ́ẹ̀, ásíìdì yóò jẹ ẹ́ tán ni. Nítorí náà, òun àti ẹrọ̀fọ̀ funfun tí láìmù fà sílẹ̀ ni kí ẹ kó pọ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù ike kan tí ó ní ìdérí, kí ẹ kọ ọ́ sí i lára ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì pé májèlé òjé ni, kí ẹ tì í, kí òjò má sì kàn án. Ẹ má sun ún, ẹ má rì í mọ́ ilẹ̀, ẹ má dà á sí ààtàn. Kí ó tó kún, ẹ lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, kí wọ́n júwe ẹni tí ó ní àṣẹ láti kó o. Bí ẹ kò bá tíì mọ ibi tí dúrọ́ọ̀mù yẹn yóò wà, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ ti ìkarahun rárá.

Oníbátìrì Adó:

Mo ti pè é. Ó kọ́kọ́ rò pé mo fẹ́ ta á fún ẹlòmíràn ni, nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ó dákẹ́.

Mo ti fi sìmẹ́ńtì dí ihò tí ó já sí góta. Dúrọ́ọ̀mù ike mẹ́ta ni mo rà: ọ̀kan fún omi ìṣàn, ọ̀kan fún omi tí ó ti sùn, ọ̀kan fún májèlé. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, lábẹ́ páànù, ni ẹ̀kẹta wà, ọmọ mi ni ó kọ nǹkan sí i lára pẹ̀lú ọ̀dà pupa, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi, kò sí lọ́wọ́ àwọn ọmọṣẹ́. Láìmù ni n ó fi bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ọmọ Ìlàjẹ, ẹ bá mi wá ìkarahun akàn dípò koríko, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ àpò kan.

Omi kànga ìyá yẹn ti lọ sí yàrá àyẹ̀wò ní yunifásítì, inú ìgò tuntun méjì ni a bù ú sí. Kéègì omi mẹ́rin ni ọmọṣẹ́ mi ń gbé lọ fún un láràárọ̀ láti ọjọ́ Ajé.